Ara Ríro Lẹ́yìn Irin Gbígbé, àti Ohun Tó Ń Ṣe sí Họ́mọ̀nù

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń gbé irin: bí ara ò bá ro ọ́ lọ́jọ́ kejì, o ò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn kan tiẹ̀ ti sún un síwájú sí i, wọ́n ní ìrora yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé testosterone àti họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè ti tú sínú ẹ̀jẹ̀, pé bí ìrora bá ṣe pọ̀ tó ni họ́mọ̀nù ṣe jáde tó. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n dè pọ̀. Iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe lọ́wọ́ ni họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí kókó inú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ń dá lóhùn. Ìgbà tí ìrora bá fi máa dé, họ́mọ̀nù tó ru sókè lọ́jọ́ náà ti padà sí ipò rẹ̀ tipẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé lóòótọ́ ni ọjọ́ tí ẹ bá tún gbé irin lé iṣan tó ṣì ń ro yín. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ibi tí ìrora náà ti ń wá

Ara ríro tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí bí iṣan ṣe máa ń gbóná bí iná nígbà tí ẹ bá wà láàárín sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ gbé irin léra kí ẹ tó sinmi. Ìyẹn á lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tí mò ń wí ni ìrora ọjọ́ kejì: á yọ́ dé ní nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò nídìí irin, á le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, ó sì sábà máa ń tán nílẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Láti ọdún 1902 ni Theodore Hough ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti fura nígbà náà pé ohun kan ló ń ya nínú iṣan.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan lactic acid, pé òun ló ń fa ìrora yìí, ti pẹ́, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lactate (bí lactic acid ṣe ń wà nínú ẹ̀jẹ̀) tó kún inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé irin máa ń padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Àlejò tó ti jáde nílé lánàá kọ́ ló fọ́ àwo lónìí. Ẹ tún wo ẹni tó sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè: lactate rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè, síbẹ̀ ìrora itan rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lè má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ìsọ̀kalẹ̀ irin ló ń dá ìrora yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé irin sókè, iṣan ń súnkì bó ṣe ń fà. Bí ẹ bá ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀, iṣan kan náà ń gùn nígbà tó ṣì ń fà á mú. Okùn iṣan tó ń bá yín sọ irin kan kalẹ̀ kéré sí èyí tó bá yín gbé e sókè, nítorí náà ẹrù tó ń bọ́ sórí okùn kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n nínú okùn náà, èyí tí kò lágbára nínú wọn á nà kọjá ààlà, òmíràn á já. Calcium á ya wọlé, àwọn èròjà tó ń tú purotéènì palẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á sì ya dé láti kó ìdọ̀tí kúrò kí àtúnṣe lè bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwúlé yìí ni àwọn èròjà bíi bradykinin ti ń sọ àwọn okùn ìmọ̀lára tín-ín-rín inú iṣan di ẹlẹ́tí tó ń gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ohun tí kò tó nǹkan á máa dún sí wọn bí ìrora. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè jókòó jẹ́ẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan, àmọ́ tí ẹ bá fọwọ́ tẹ itan, ẹ ó sọ pé "yéè".

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni pé agbára iṣan kì í dúró de ìrora kó tó lọ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì mọ ìsọ̀kalẹ̀ líle rí lè pàdánù tó ìdajì agbára apá náà kó tó kúrò ní jíìmù, nígbà tí ìrora ò tíì sí rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìrora á ti lọ, agbára náà á sì lè máà tíì pé. Nítorí náà, ìrora kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye fún ohun tó bàjẹ́, ká má tiẹ̀ wá sọ pé ó jẹ́ òṣùwọ̀n họ́mọ̀nù.

Họ́mọ̀nù lọ́jọ́ tí ara le koko

Kí a tó mọ ohun tí ìrora ń yí padà, ó yẹ ká mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ara bá dá ṣáká.

Adrenaline àti noradrenaline, àwọn họ́mọ̀nù tó ń múra ara sílẹ̀ fún iṣẹ́, ló ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n lè ti máa gòkè kí ẹ tó fọwọ́ kan irin, torí ọpọlọ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá parí, wọ́n ti ń wálẹ̀. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tẹ̀ lé wọn: á gòkè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, á dé téńté láàárín ìparí iṣẹ́ àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀, á sì padà sílé láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Testosterone ọkùnrin máa ń gòkè díẹ̀, ó sì máa ń padà láàárín bíi wákàtí kan. Ti obìnrin kéré gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Cortisol, họ́mọ̀nù wàhálà, kì í kánjú. Ó máa ń lọ sókè nígbà tí iṣẹ́ bá gùn tó sì le, òun náà ló sì máa ń pẹ́ jù nínú ẹ̀jẹ̀, torí ó ń gba nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Insulin, tó ń mú súgà wọ inú iṣan, ní tiẹ̀ máa ń wálẹ̀ nígbà iṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun.

Kí ló ń mú kí ìgòkè yìí pọ̀? Iṣan ńlá, iṣẹ́ púpọ̀, ìsinmi kúkúrú. Ní nǹkan bí ọdún 1990, William Kraemer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi irin tí èèyàn lè gbé ní ìgbà 10 pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 1 wé irin tí èèyàn lè gbé ní ìgbà 5 pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3. Èyí àkọ́kọ́ ló mú họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè gòkè jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin rẹ̀ fúyẹ́ ju ìkejì lọ. Ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀tì 4 ti lílóṣòó pẹ̀lú irin, ìgbà 10 ní sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90, á da họ́mọ̀nù rú ju fífi apá kan ká irin kékeré lọ, kódà bí ìrora apá náà lọ́jọ́ kejì bá pọ̀ ju ti itan lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìrora ti já pátápátá. Bí ẹ bá fi irin kan náà ṣe ìgbésókè nìkan lọ́jọ́ kan, tí ẹ fi ṣe ìsọ̀kalẹ̀ nìkan lọ́jọ́ mìíràn, ìgbésókè ló ń mú lactate àti họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè jáde jù. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń mú ìrora wá jù. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbogbo agbára wà fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kò ní ìsọ̀kalẹ̀ kankan nínú, àmọ́ ó lè gbé họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè lọ sókè gan-an, ara ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ro ẹni tó wà á. Apá iṣẹ́ tó ń rò yín lára jù ni apá tó ń pe họ́mọ̀nù kéré jù.

Nígbà tí iṣan tó ń ro bá padà sídìí irin

Ká ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn lílóṣòó ni, itan ń ro yín, ẹ sì fẹ́ tún lóṣòó. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kò jinlẹ̀ rárá: iṣẹ́ á dínkù. Lọ́jọ́ tí ara dá, ẹ lè gbé kílò 100 ní ìgbà 10 fún sẹ́ẹ̀tì 4, ìyẹn kílò 4,000 lápapọ̀. Lọ́jọ́ tí itan ń ro, ó lè jẹ́ kílò 80 ní ìgbà 8 fún sẹ́ẹ̀tì 3, tó jẹ́ kílò 1,920. Kò tó ìdajì. Èyí tí ìwé àkọsílẹ̀ ò sì ní fi hàn ni pé iṣan tó wú tó sì le kì í jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Irin tó rin ìrìn kúkúrú ti gba iṣẹ́ kéré, bí kílò rẹ̀ bá tiẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọjọ́ tí ara dá. Bí iṣẹ́ bá kéré, lactate á kéré, ohun tó ń ti kókó abẹ́ ọpọlọ láti tú họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè jáde á sì kéré. Ìrora ò dí họ́mọ̀nù lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ó gba irin kúrò lọ́wọ́ yín ni.

Apá kejì ni ti wàhálà. Ìrora jẹ́ ìròyìn búburú lójú ọpọlọ. Okùn ìmọ̀lára tó ń gbé e lọ ń sọ fún ọpọlọ pé ewu wà, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí kókó abẹ́ rẹ̀, ìyẹn á fi ACTH, họ́mọ̀nù aránṣẹ́ kan, ránṣẹ́ sí kókó tó jókòó lórí kíndìnrín, cortisol á sì jáde. Ọ̀nà kejì ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ tààrà, adrenaline ló ń mú wá. Ẹ ó rí i pé ọkàn ń lù kíkankíkan ju bó ṣe yẹ lọ fún irin tó fúyẹ́, iṣẹ́ á sì dà bíi pé ó le ju ti tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá pa àwọn apá méjèèjì yìí pọ̀, ẹ ó rí ìdí tí àbájáde fi lè yàtọ̀ síra bí ilẹ̀ àti òkè, ká tiẹ̀ ní ẹni kan náà ni. Ká pe irin tó wúwo jù tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òpin agbára. Bí òpin agbára yín bá jẹ́ kílò 100, kílò 70 jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìrora àti ìbàjẹ́ bá ti sọ òpin agbára yín di kílò 80, kílò 70 yẹn kan náà ti di ìdá 87 àti ààbọ̀. Irin tí ẹ ń gbé ní ìgbà 10 tẹ́rùntẹ́rùn ti di irin tí ẹ ò lè gbé ju ìgbà 5 tàbí 6 lọ. Ẹni tó bá fi agídí di kílò 70 mú, tó fi dandan lé ìgbà 10, wàhálà ló ń fi kún un: adrenaline àti cortisol ló máa gòkè. Ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí kílò 56, ìyẹn ìdá 70 ti ọjọ́ náà, á ṣe iṣẹ́ tó kéré, ara rẹ̀ á sì dáhùn níwọ̀nba. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ara ríro ń gbé họ́mọ̀nù sókè, tàbí pé ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá kílò ni wọ́n mú dọ́gba ni àbí ìdá òpin agbára ọjọ́ náà. Láìsí ìdáhùn yẹn, ọ̀rọ̀ náà ò ní ìdí.

Insulin ni ẹnu kì í sábà kàn, èmi sì rò pé òun ló yẹ ká sọ jù. Eré ìmárale lásán máa ń jẹ́ kí iṣan túbọ̀ gbọ́ ti insulin. Ìsọ̀kalẹ̀ líle máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, iye GLUT4, ìyẹn ilẹ̀kùn tí súgà ń gbà wọ inú iṣan, máa ń dínkù nínú iṣan tó farapa, ara sì ní láti tú insulin tó pọ̀ sí i jáde fún oúnjẹ kan náà. Glycogen, tí í ṣe súgà tí iṣan tọ́jú, kì í tètè kún padà. Ẹni tó bá padà sídìí irin láàárín wákàtí 48 ń bọ̀ pẹ̀lú táǹkì tí kò kún. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀tì kẹta àti ìkẹrin já sílẹ̀ kí ọkàn ẹni tó gbà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo abẹ́rẹ́ insulin lè rí i pé súgà òun ga ju bó ṣe rò lọ lọ́jọ́ méjì yẹn. Kó máa fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kó má sì fúnra rẹ̀ yí iye abẹ́rẹ́ padà láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà míràn tún wà tí ìrora ń gbà dé ọ̀dọ̀ họ́mọ̀nù, orí ibùsùn ló sì wà. Ìgòkè họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tó tóbi jù lójúmọ́ máa ń wáyé nínú oorun ìjìnlẹ̀ àkọ́kọ́ lóru. Bí itan bá ń jí yín nígbàkígbà tí ẹ bá yíra padà, oorun yẹn á máa já. Ìwádìí kan láti Chicago tó jáde ní 2011 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kan péré tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi sun wákàtí 5 lóru mú testosterone wọn ní ojúmọ́ wálẹ̀ ní ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń gbé irin lórí ìrora kí testosterone lè gòkè fún wákàtí kan, tí kò wá rí oorun sùn, ti fi náírà wá kọ́bọ̀.

Ṣé ìgòkè yẹn tiẹ̀ ń kọ́ iṣan?

Kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ. Ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n fi ọkùnrin 49 tó ti mọ irin gbígbé tẹ́lẹ̀ ṣe ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan gbé irin tó fúyẹ́ ní ìgbà 20 sí 25, àwọn kan gbé èyí tó wúwo ní ìgbà 8 sí 12, gbogbo wọn sì gbé e títí agbára fi tán. Iṣan ìhà méjèèjì dàgbà bákan náà, ìgòkè họ́mọ̀nù lẹ́yìn iṣẹ́ kò sì bá ìdàgbàsókè ẹnikẹ́ni mu lọ́nà tó nítumọ̀. Testosterone tó wà nínú ara lójoojúmọ́ ṣe pàtàkì. Ẹni tí tiẹ̀ kéré jù ń rí ìṣòro. Ìgòkè ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn lílóṣòó ni mò ń sọ pé kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fìyà jẹ ara. Fífà tí iṣan fúnra rẹ̀ ń fà lábẹ́ ẹrù ni àmì tó ń sọ fún un pé kó dàgbà, ìyẹn ni ìrora sì ń jí gbé nígbà tó bá dín iṣẹ́ yín kù.

Ẹ̀rí míì tún wà nínú ara yín. Bí ẹ bá ṣe ìsọ̀kalẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora á kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́, agbára á sì tètè padà. Ààbò yìí lè wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà míì fún oṣù mélòó kan. Irin ò yí padà, ìsinmi ò yí padà, ohun tó ń pe họ́mọ̀nù ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìrora nìkan ló ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Àṣìṣe pọ̀ níbí. Testosterone àti cortisol máa ń ga ní òwúrọ̀, wọ́n á sì máa wálẹ̀ títí di alẹ́, nítorí náà àyẹ̀wò aago 8 òwúrọ̀ kò ṣeé fi wé ti aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ti testosterone, òwúrọ̀ láàárín aago 7 sí 10 ló dáa jù, kí ẹ má tíì jẹun, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó kéré. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè kì í jáde bákan náà: á tú jáde, á dáwọ́ dúró, á tún tú. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń dínkù fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn irin líle, torí ó ń sá wọ inú iṣan, ohun gbogbo tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á sì dà bíi pé ó pọ̀ sí i láìjẹ́ pé kókó kankan tú nǹkan jáde. Àwọn olùwádìí máa ń fi hematocrit àti hemoglobin (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa àti èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) ṣe ìṣirò láti yọ èyí kúrò. Jíìmù tó ń ta àyẹ̀wò fún oníbàárà kì í ṣe é.

Èyí tó ń kó àwọn èèyàn láyà sókè jù ni ti CK, AST àti ALT, àwọn èròjà tó máa ń jò láti inú iṣan tó farapa sínú ẹ̀jẹ̀. CK ẹni tó sinmi kì í sábà fi bẹ́ẹ̀ kọjá 200 lórí òṣùwọ̀n U/L, àmọ́ lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ líle ó lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ti apá sì lè dúró di ọjọ́ 4 tàbí 5 kó tó dé téńté. AST àti ALT tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò wà nínú iṣan pẹ̀lú, wọ́n sì máa ń bá CK gòkè. Ẹni tó lóṣòó líle lọ́jọ́ Satide, tó lọ ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lè gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ òun ń ṣàìsàn nígbà tó jẹ́ pé itan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ gbé irin. GGT, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, kì í wá láti inú iṣan, nítorí náà bó bá wà bó ṣe yẹ nígbà tí CK ga, iṣan ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀sẹ̀ kan láìgbé irin líle ṣáájú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ á gbà yín lọ́wọ́ ìdààmú.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é

Ẹ má wọn ìrora níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ dìde lóòjọ́ ní àkókò kan náà, ẹ lóṣòó láìgbé irin títí itan á fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, kí ẹ fún ìrora náà ní nọ́mbà láti 0 dé 10. Fún apá tàbí àyà, ẹ na iṣan náà tán, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Ẹ ṣe é kí ẹ tó lo oògùn ìrora kankan.

Bó bá jẹ́ 0 sí 3, ẹ ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ṣètò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 4 sí 6, ẹ dín irin kù ní ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gé sẹ́ẹ̀tì sí ìdajì, ẹ fa ìsinmi gùn sí ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá ku ìgbà 3 kí agbára tán. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ẹ máa rọra sọ irin kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Láti 7 sókè, ẹ fi iṣan yẹn sílẹ̀ kí ẹ mú òmíràn, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹni tí itan ń ro lè ti irin sókè láti àyà dáadáa, apá yìí ò mọ ohun tí itan ń kojú.

Ìmúragbóná ló máa ṣèdájọ́ fún àwọn tó wà láàárín. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 lórí kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀tì méjì tó fúyẹ́. Bí ìrora bá lọ láti 5 sí 3, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ ẹ rántí pé ìmọ̀lára ló rọlẹ̀, agbára ò tíì padà, torí náà ẹ má dá irin tí ẹ yọ padà sórí ọ̀pá. Bó bá dúró sí 5 tàbí tó pọ̀ sí i, ẹ kúrò. Ìrora tó dé lójijì láàárín sẹ́ẹ̀tì, tó wà lójú kan péré, tàbí tó wà ní oríkèé, kì í ṣe èyí tí à ń sọ. Ọgbẹ́ nìyẹn, kò sì sí ìmúragbóná tó ń wò ó.

Olùbẹ̀rẹ̀ ló máa ń jìyà jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti dáàbò bò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀tì 1 sí 2 fún iṣan kọ̀ọ̀kan, irin tó tó ìdá 60 òpin agbára, ìgbà 8 sí 10. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi sẹ́ẹ̀tì kan kún un. Ìsọ̀kalẹ̀ díẹ̀ yẹn ti tó láti mú ààbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá. Ẹni tó ti fi oṣù kan sinmi náà ni kó ka ara rẹ̀ sí olùbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bí irin àtijọ́ bá tiẹ̀ ń wò ó lójú.

Ní ti oúnjẹ, purotéènì gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹni tó wọn kílò 70 nílò gíráàmù 112, bí ó bá pín in sí oúnjẹ 4, gíráàmù 28 lẹ́ẹ̀kan. Nítorí glycogen tí kì í tètè kún, ẹ má dín oúnjẹ tó ń fún ara lágbára kù ní wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ líle. Ìgbà yẹn ni àfikún rẹ̀ wúlò jù.

Nínà ara ṣáájú tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ kì í dín ìrora yìí kù tó ohun tí èèyàn máa mọ̀. Ìfọwọ́ra ń tura, kò burú. Ibuprofen ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ní Sweden, àwọn ọ̀dọ́ tó lo mílígíráàmù 1,200 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 kò rí ìdàgbàsókè iṣan tó ti àwọn tó lo aspirin kékeré. Omi tútù náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé irin tán, ó ń bu ìdàgbàsókè iṣan kù. Kọfí lè mú ìrora rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó ń ti adrenaline lẹ́yìn, oorun sì ni yóò san gbèsè rẹ̀ bí ẹ bá mu ún nírọ̀lẹ́.

Ìgbà kan wà tí nọ́mbà kankan ò wúlò mọ́. Bí iṣan bá wú gbàǹgbà, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kò ṣeé ká tàbí nà, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi omi tíì tó ki, iṣan ti ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má dúró dọ̀la, ẹ má mu ibuprofen sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí wọ́n lè yẹ CK wò.